Ilé Tí Ìyáálé Kò Kúrò

Ọwọ́ ikú ni Ọ̀pẹ ti gba ilé ọkọ. Torí gíga rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀. Káfíńtà ló fẹ́ ẹ lẹ́yìn tí ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ kú. Ọ̀pẹ kò bá ìyáálé náà láyé, ṣùgbọ́n kò síbi tó yíjú sí nínú ilé tí kò rí i. Òun ló rán kọ́tìnì pálọ̀. Tábìlì àti àga, òun ni ọkọ kàn wọ́n fún. Kódà dígí ara ògiri, bí ìyáálé ṣe ga mọ ni wọ́n ṣe gbé e kọ́. Ọ̀pẹ ní láti bẹ̀rẹ̀ kó tó rí ojú ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ fẹ́ sún àga kan, ọkọ rẹ̀ ní, “Jọ̀ọ́, fi í síbẹ̀.”

Kò jágbe. Ìbá jágbe, Ọ̀pẹ ìbá fún un lésì, torí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Ohùn pẹ̀lẹ́ yẹn ló dè é mọ́lẹ̀. Ó wá ń yọ́ rìn bí àlejò tó pẹ́ kó tó dé. Yàrá ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ń kó pákó sí tẹ́lẹ̀, ló ti ń ránṣọ. Ibẹ̀ nìkan ló ti ń mí dáadáa.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá kí i, ó wo pálọ̀ yíká.

“Àbúrò mi, ṣé o ti ń kó lọ ni? Mi ò rí nǹkan rẹ kankan níbí.”

“Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.”

“Yẹ̀yẹ́ kọ́. Obìnrin tó ń gbélé tí a ò rí àmì rẹ̀ níbẹ̀, àfi iwin.”

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín Ọ̀pẹ kò kọjá eyín.

Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ó wá ṣàkíyèsí pé òun máa ń wúkọ́ kí òun tó wọ pálọ̀, bí ẹni tó ń tọrọ àyè. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti nu dígí, ó gbàgbé láti nàró. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ náà ló ń lọ sí ilé ìdáná. Ọkọ rẹ̀ ń wọlé bọ̀. Ojú rẹ̀ tàn, ó sì fi orúkọ ìyáálé pè é.

Ara Ọ̀pẹ bù máṣọ. Ó nàró.

“Èmi kọ́ nìyẹn. Ẹ wò mí dáadáa.”

Ó kó aṣọ ìbora rẹ̀, ó gba yàrá ẹ̀yìn lọ. Kì í ṣe ìbínú, ẹ̀rù ni.

Ọkọ tẹ̀ lé e, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò yọjú síbẹ̀ rí látìgbà tó ti kó pákó kúrò. Fèrèsé ṣí gbayawu. Àjákù aṣọ pupa bo ògiri kan látòkè délẹ̀, ẹyẹ tí Ọ̀pẹ fi ṣọ́ọ̀kì yà sì kún ògiri kejì, òmíràn ń jà, òmíràn la ẹnu.

“Ìwọ lo ṣe gbogbo èyí?”

“Ta lẹ tún rò?”

“Mi ò mọ̀ pé o fẹ́ràn pupa.”

“Ẹ ò bi mí rí.”

Ọkùnrin náà jókòó lórí ìdì aṣọ, ó sunkún. Bóyá torí òkú ló ṣe ń sunkún tàbí torí alààyè, Ọ̀pẹ kò mọ̀, kò sì bèèrè.

Yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń jẹun báyìí. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan pálọ̀. Nígbà mìíràn, bí Ọ̀pẹ bá ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, á gbọ́ ìró ẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Kì í bẹ̀rù mọ́. “Ẹ kú ilé o, ìyáálé mi,” ni yóò wí, á sì bá tirẹ̀ lọ.