Omi Dé Ebè Ìyàwó Mi

Kí ìyàwó mi tó kú, ó ní kí n má jẹ́ kí ebè ẹ̀fọ́ òun gbẹ. Àfi bí òjò ṣe wó odi amọ̀ tí àwa aládùúgbò fi sé odò kékeré tí a fi ń bomi rin oko wa ní Ìgàndò. A tún un mọ. Lánàá, lẹ́yìn òjò ńlá tó rọ̀ lápá òkè odò, a sáré lọ wò ó: kò mì rárá! Omi kún dẹ́nu, àwọn ọmọdé ń lúwẹ̀ẹ́, àwọn lékeléke ti padà dé. Obìnrin tí oko rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa ṣí omi sí oko, ó sì kígbe pé, “Bàbá, ẹ bọ́ bàtà, ẹ wọ ẹrẹ̀ jàre! Ìyá ń fi yín rẹ́rìn-ín níbi tí wọ́n wà!”

Mo bọ́ ọ. Mo sáré tẹ̀ lé omi náà títí ó fi dé ebè ìyàwó mi.