Ọjọ́ Tí Máṣíìnì Bàbá Mi Padà sí Ajue

Mo mọ̀ pé ẹ kò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n n kò lè gbàgbé ọjọ́ tí mo lọ sí Ore láti ra máṣíìnì tí yóò lè la ẹrẹ̀ ọ̀nà oko wa kọjá. Mẹkáníìkì kó oríṣiríṣi tòkunbọ̀ síwájú mi. Ẹyọ kan wà lẹ́yìn tí wọ́n fi àpò kòkó rán ìjókòó rẹ̀. Màámi ló rán an! Ìgbà tí Bàbá kú la ta máṣíìnì rẹ̀ yìí.

Mẹkáníìkì rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá mi, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Òkú ni."

Mo fọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀, mo tẹ máṣíìnì náà sápá òsì bí Bàbá ti máa ń ṣe, mo tẹ kíìkì. Ó húkọ́ bí arúgbó, ó sì jí! Mo rà á.

Bí mo ti gùn ún délé ní Ajue, Màámi gbọ́ ìró rẹ̀, ó sáré jáde: "Bàbá Ṣọlá, ẹ káàbọ̀ o!" Nígbà tó rí i pé èmi Ṣọlá ni, ó fọwọ́ pa àpò kòkó náà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, máṣíìnì kọ̀, kò jí. Màámi ní, "Bàbá rẹ máa ń kí i ná."

Mo wọ̀tún, mo wòsì, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo tẹ kíìkì tó fi jí.