Fèrè Inú Ẹ̀rọ Akínkúnlé

Ilé kan náà ni èmi àti Akínkúnlé ń gbé ní Trans-Nkisi. Báǹkì rẹ̀ ló gbé e wá sí Onitsha láti Ìbàdàn, òun ló ń mójú tó kọ̀ǹpútà wọn. Ní báǹkì náà, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín tábìlì rẹ̀ àti jẹnẹrétọ̀ wọn. Ó ti pẹ́ tó ti ń jókòó síbẹ̀.

Tó bá dé láti ibi iṣẹ́, ẹ̀rọ géèmù àtijọ́ kan ló máa ń gbé dání, irú èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ méjèèjì dì mú. Àwọn tó ṣe é ti pa á tì, ṣùgbọ́n àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ káàkiri ayé ṣì ń kọ ètò tuntun sí i fúnra wọn. Equalizer ni Akínkúnlé ń kọ ní tirẹ̀: ètò kékeré tó ń tún ohùn géèmù ṣe, tó ní àwọn ọ̀pá tí èèyàn lè tì sókè sódò lójú ẹ̀rọ, ọ̀kan fún béèsì, òmíràn fún ohùn tín-ín-rín; iná ara wọn sì máa ń fò sókè sódò bí ohùn bá ṣe ń dún.

"Èló ni wọ́n máa san fún ọ?" Mo bi í.

"Ọ̀fẹ́ ni, Bàbá." Bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, torí mo dàgbà jù ú lọ.

"O ń sun epo, o ń ra dátà, o wá ní ọ̀fẹ́ ni! Ṣé orí ẹ pé?"

Ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fèrè fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní fèrè kan ń dún lábẹ́ gbogbo géèmù, kì í dákẹ́. Ó gbà pé òun ló kọ nǹkan ṣì. Ó tú ètò náà, ó tún un kọ. Ó ń dún. Ó pààrọ̀ íápíìsì. Ó ń dún. Àjọkẹ́ ìyàwó rẹ̀ gbé e sétí.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dẹ́rù bà mí."

Blessing tó ń gbé òdìkejì wa fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Oga Akin, na spirit dey blow you whistle!" Ó rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, àwọn ọmọ rẹ̀ kò wọ pálọ̀ Akínkúnlé mọ́.

Ó gbé ètò náà síta bẹ́ẹ̀. Àwọn tó gbà á lò ní ohùn rẹ̀ ń gún etí bí abẹ́rẹ́.

"Íápíìsì gbàrọgùdù ni wọ́n ń lò!" Akínkúnlé ló ń bínú yẹn.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, mo wà lọ́dọ̀ wọn nígbà tí Ìtùnúolúwa, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ki íápíìsì bọ etí. Ó já a yọ lójijì, omi ti lé sí i lójú.

"Daddy, e dey pain me! Why you raise am like this?"

"Kí ni mo gbé sókè? Ó wà ní ìwọ̀n."

"Mba! Ìwọ̀n kọ́ nìyí o." Ọmọ náà ti ọ̀pá ohùn tín-ín-rín sílẹ̀, ó tún tì í, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. "Ẹ̀n-ẹ́n. Now e sweet. I dey hear the bird."

Akínkúnlé gba íápíìsì, ó fi í sétí. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ẹyẹ wo?"

"The one wey dey that bush, Daddy. E dey there since."

Géèmù tó ti ń gbá láti ìgbà àpọ́n rẹ̀ nìyẹn. Kò mọ̀ pé ẹyẹ wà nínú igbó náà. Ó pa ẹ̀rọ. Kò sí iná, kò sí jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ládùúgbò. Ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Kí ló dé?" Mo bi í.

"Ó ṣì ń dún, Bàbá."

Mo ní kó lọ rí dókítà etí, pé owó ìyẹn tó ó ná. Dókítà ní ariwo jẹnẹrétọ̀ ló ba etí rẹ̀ jẹ́, pé ohun tó ti lọ kò ní padà, fèrè náà kò sì ní lọ. Akínkúnlé bẹ báǹkì pé kí wọ́n gbé tábìlì òun kúrò níbẹ̀. Wọn ò tíì fèsì.

Ìwọ̀n tí ọmọ náà fi sí i ló fi tún gbé ètò náà jáde, àwọn èèyàn sì yìn ín. Ní báyìí, ọmọ ló ń gbọ́, bàbá ló ń kọ.

Lọ́jọ́ kan mo yà wọlé lẹ́yìn tí ọmọ dé láti iléèwé. Ó ti sùn lọ lórí àga, íápíìsì ti wà létí bàbá rẹ̀.

"Kí ló ń dún níbẹ̀?" Mo bi í.

Ó kọ́kọ́ yí ojú ẹ̀rọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó wo iná ọ̀pá ohùn tín-ín-rín tó ń fò sókè sódò.

"Ẹyẹ ni, Bàbá."