Ìyá Àgbà Tó Fi Òsì Bu Irú

"Màmá, òsì lẹ fi ń bu irú fún mi?"

Obìnrin òṣìṣẹ́ ìjọba kan, oníbàárà wa àtijọ́, ti fa ọwọ́ sẹ́yìn. Òórùn irú wóró àti edé gba gbogbo ìsọ̀ wa, ariwo ọjà Wuse ní Àbújá ń lọ ní tirẹ̀. Ìyá tó bí bàbá mi kò gbé ṣíbí ọwọ́ òsì wọn kúrò.

Oṣù kẹrin rèé tí ẹ̀gbà ti mú wọn lápá ọ̀tún. Láti ìgbà náà ni àwọn oníbàárà ti ń yà sí ìsọ̀ ẹlòmíràn. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, nílé wa ní Karu, bàbá mi ní bí ọjà ò bá tà, òun á dá wọn padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ kí wọ́n lọ sinmi.

"Kí n lọ sinmi, àbí kí n lọ kú?" Ìyá dáhùn.

Ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n bí mi. Ìyá yìí kan náà ni wọ́n máa ń fi omorogùn gbá ọwọ́ mi nídìí àwo oúnjẹ bí mo bá fi òsì jẹun. Àmọ́ nígbà tí ọ̀tún tiwọn kú, wọ́n pè mí jókòó sórí àpótí.

"Ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Wá kọ́ mi."

Mo ń fi òsì bu ẹ̀wà láti abọ́ kan sí èkejì, wọ́n ń wò mí. Tiwọn ń dà sílẹ̀ pàràpàrà. Wọ́n á ṣà á, wọ́n á tún bù ú. Wọn ò mẹ́nu kan omorogùn. Wọ́n kàn di òsì mi mú lọ́jọ́ kan, wọ́n wò ó pẹ́.

Nínú ọjà lọ́jọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ ń jáde díẹ̀díẹ̀ láti ẹnu Ìyá tó ti wọ́.

"Dókítà ní òsì ọpọlọ ló ń rán ọwọ́ ọ̀tún níṣẹ́. Òun ló bàjẹ́ nínú orí mi. Gbogbo irú tí mo ti fi ọ̀tún bù fún ọ, òsì ló rán an. O jẹ ẹ́, o ò kú. Ti òní yìí, ọ̀tún ọpọlọ ló rán an. Gbà á, tàbí kí o máa lọ."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu obìnrin náà. "Ẹ̀gbà wọ́ ẹnu yín, kò mà mú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, Màmá." Ó la ọ̀rá rẹ̀.

"Yauwa," ni Ìyá wí, bí àwọn Hausa ṣe ń sọ pé ó dára, wọ́n sì bù ú láìdà wóró kan sílẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo oníbàárà ló padà. Àwọn mìíràn ṣì ń gba ẹ̀yìn ìsọ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n bàbá mi ò dárúkọ Ògbómọ̀ṣọ́ mọ́.

Òsì ni mo fi kọ ìwé yìí. Bí ẹnikẹ́ni bá sì na òsì sí mi lónìí, mi kì í bá ọwọ́ náà wí. Orí tó rán an ni mo máa ń kí.