Ẹ̀bùn Tí Wọ́n Fi Orúkọ Àdàpè Gbà

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìtàn yunifásítì kan pè mí kí n wá pàtẹ́wọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ wọn tí ó gba ẹ̀bùn fún ìwé ìtàn tí ó kọ nípa àwa oníṣòwò Yorùbá ní Jọ́ọ̀sì. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síbẹ̀ ni. Ó ti wá bá mi nílé mi ní Tudun Wada, ní Jọ́ọ̀sì níbẹ̀, rí, ó béèrè ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù aṣọ ní ọjà Terminus nínú àwa ará Ìlọrin. Mo ní ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni, Eyínfúnjowó. Ìyàwó tí a kọ́ nílé kì í pe orúkọ ẹni tí ó bá nílé ọkọ. Àdàpè tí mo fi ń pe ẹ̀gbọ́n náà ni mo sọ fún un. Ọmọ náà kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ bí orúkọ àbísọ, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ̀ sì buwọ́ lù ú!

Mo fà á sẹ́yìn gbọ̀ngàn, mo ṣàlàyé fún un.

“Haba, Mama! Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ tán.”

“Ẹ̀yin onímọ̀ ìtàn! Tẹ̀lé mi dé àdúgbò Gangare. Àbúrò ọkọ mi obìnrin lè pe orúkọ náà fún ọ.”

Ó ní wọ́n ń dúró láti ya fọ́tò òun. Títí di òní, orúkọ aṣíwájú wa kò sí nínú ìwé náà.