Omi Tí A Bù Kí Oòrùn Tó Yọ

Fìlà ni Màmá mi ń fi ọwọ́ rán ní Ọ̀yọ́, tí wọ́n ń kó fún àwọn oníṣòwò Ọjà Akẹ̀sán. Ní nǹkan bí ọdún 1987 ni òwú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í tàsé ojú abẹ́rẹ́. Èmi ọmọ wọn obìnrin ni mo mú wọn lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń gbé. Dókítà ojú kan níbẹ̀ ní kí wọ́n wá ṣe iṣẹ́ abẹ ní oṣù karùn-ún, pé bó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ojú náà ò ní ṣeé tún ṣe mọ́. Ẹ̀rù ọ̀bẹ ba Màmá. Kí n má purọ́, ó ba èmi náà.

Ilẹ̀ Sẹ́bíà ni ẹ̀gbọ́n mi ti kàwé, ibẹ̀ ló ti fẹ́ ìyàwó. Yorùbá ìyàwó wa ò tíì dán mọ́rán, èmi ni mo ń túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ fún Màmá. Lọ́jọ́ náà ó sọ fún wa nípa Vidovdan, ọdún wọn tó máa ń bọ́ sí ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà. Wọ́n á gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì fún àwọn tó bógun lọ láyé àtijọ́, àwọn obìnrin á kó aṣọ inú àpótí síta sá oòrùn. Lábúlé ìyá rẹ̀, wọ́n gbà pé ẹni mímọ́ ọjọ́ náà ló ń tọ́jú ojú. Wọ́n á rẹ ewé kan sómi mọ́jú, wọ́n á fi fọjú kí oòrùn tó yọ, wọ́n á ní ohun tí ojú àwọn bá rí, kí ọwọ́ àwọn lè ṣe é. Ìyá rẹ̀ ti fi ewé náà ránṣẹ́ sí i nínú lẹ́tà, ní gbígbẹ. Ó bù díẹ̀ fún Màmá.

Mùsùlùmí ni Màmá, ṣùgbọ́n inú wọn dùn. Wọ́n ní, "Ta ló dá ewé? Ọlọ́run kan náà ni."

Ìyàwó wa wá fi kún un pé àṣà lásán ni o, pé nílé àwọn, bí wọ́n bá fọjú tán, ọ̀dọ̀ dókítà ni wọ́n ń gbà lọ. Èyí ni mi ò túmọ̀. Mo gbọ́ ọ ketekete, mo gbé e mì. Mo kàn fẹ́ kí Màmá rẹ́rìn-ín títí a ó fi délé ni. Òmùgọ̀ ni mí.

Oṣù karùn-ún dé, Màmá ní àwọn ń dúró de ọjọ́ Vidovdan. Mo ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi pé ara wọn ò yá, a ń bọ̀ tó bá yá. Nígbà tí ọjọ́ pé, mo gbé omi ewé náà wá ní ìdájí. Màmá fọjú, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ náà bí mo ṣe kọ́ wọn, wọ́n mú fìlà. Abẹ́rẹ́ gún wọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí a ó fi padà dé ọ̀dọ̀ dókítà ní oṣù kẹjọ, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Àwọn ẹbí ní ìyàwó òyìnbó ló fi ewé ba ojú Màmá jẹ́. Mo jókòó láàárín wọn, mi ò sọ ọ̀rọ̀ tí mo gbé mì.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ní àárọ̀ Vidovdan, mo sùn lọ lẹ́yìn ìrun àsùbá. Màmá táràrà dé ẹní mi, wọ́n fọwọ́ kàn mí. "Dìde, bu omi wá. Oòrùn ò tíì yọ, àbí?"

Oòrùn ti gba ojú fèrèsé wọlé. Kò tíì gbóná, ṣùgbọ́n ó tàn sí wọn lójú gbangba.

Mo ní, "Kò tíì yọ, Màmá." Mo lọ bu omi.