Hóró Tannápowó Inú Ọkọ̀ Àǹtí Ẹ̀bùn

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé àárín ọkọ̀ ni wọ́n máa ń gbé mi jókòó sí, kí n má baà mú un dojú dé, kò sí ilẹ̀ tí ènìyàn lè pè ní ọgbà ní abúlé wa nítòsí Etikan. Orí òpó la kọ́ ilé lé, afárá pákó la fi ń lọ kí aládùúgbò, omi ló sì wà lábẹ́ gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀, ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, ní ọgbà tirẹ̀. Inú ọkọ̀ kékeré kan ló wà, èyí tí wọ́n gbé lé orí òpó lẹ́yìn ilé, tí wọ́n sì fi iyẹ̀pẹ̀ dúdú tí wọ́n kó wá láti Igbokoda kún.

Àǹtí Ẹ̀bùn, àbúrò ìyá mi, ló ni ọkọ̀ náà. Ó lọ sí ọjà Igbokoda lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ rẹ̀ nìkan ló sì dé ní ìrọ̀lẹ́. Àjẹ̀ tó fi ń tukọ̀ wà nínú rẹ̀, púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tó rà, wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni abọ́ kan tí òdòdó tannápowó wà nínú rẹ̀, òdòdó náà sì ti là. Wọ́n wá Àǹtí títí, wọn ò rí i. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ mọ tannápowó, ẹ mọ̀ pé ìrọ̀lẹ́ ló máa ń là, ní àkókò tí àwọn ọkọ̀ ń wọlé. Ìyá àgbà ní ọmọ òun ló rán an ṣáájú, ó sì gbìn ín sínú ọkọ̀ náà. Láti ìgbà náà, bí òdòdó bá ti ń là, á dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, á kọjú sí omi, á ní, "Ọma mi, káàbọ̀." Kì í gbé ohùn sókè, àfi bí ẹni pé ẹni tó ń kí wà nítòsí. Èmi a ti sá wọlé.

Ọdọọdún ni omi òkun ń ya wọlé, iyọ̀ rẹ̀ a sì pa gbogbo gbòǹgbò, nítorí náà hóró la fi ń gbé òdòdó náà dé ọdún kejì. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la máa ń gbà á lọ́sàn-án, tí ìrì bá ti gbẹ. Wàá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́, wàá fọwọ́ kan hóró dúdú náà. Bó bá ti gbó, á jábọ́. Èyí tí kò bá jábọ́, ìyá àgbà á ní kì í ṣe tìrẹ. Ẹni tó bá já èyí tó ṣì tutù, ìkúnlẹ̀ lórí pákó ni ìyà rẹ̀. A sì lágídí. Inú hóró yẹn funfun bíi pọ́dà, a máa ń fọ́ ọ, a ó fi kun ojú. Ọjọ́ tí ìyá àgbà ká wa mọ́ ọn, kò nà wá. Ó bu omi, ó fọ ojú wa kíákíá. "Kí àǹtí yín má baà rí yín báyìí," ló wí, "kó rò pé ẹ ti wá bá òun."

Ẹ rántí bí ilé wa ṣe rí nígbà náà. Ohun gbogbo tí a bá fẹ́ kó pẹ́, orí pẹpẹ tí a ti ń yan ẹja ni. Ẹja, edé, púpurú, èéfín ló ń bá wa tọ́jú wọn. Lọ́dún kan tí òjò pọ̀ jù, hóró náà bẹ̀rẹ̀ sí í bu, ìyá mi sì kó gbogbo rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀, ó gbé e sórí pẹpẹ. Nígbà tí ìyá àgbà fi eyín fọ́ ọ̀kan, inú rẹ̀ ti dúdú, ó ń rùn bí ẹja gbígbẹ.

"Mo fẹ́ kó pẹ́ ni, Ìyá," ni ìyá mi wí, ó bú sẹ́kún. "Àbúrò tèmi náà ni."

"Mo mọ̀," ni ìyá àgbà dáhùn. "Ṣùgbọ́n kí ni yóò fi mọ ilé báyìí?"

Ó ṣáà gbìn wọ́n, ní àárín ọkọ̀. Kò sí èyí tó hù. Ìyá àgbà kò jẹun dáadáa mọ́, kò sì dúró lẹ́nu ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́ mọ́. Ilé wa dákẹ́ débi pé à ń gbọ́ omi lábẹ́ ẹní tí a sùn lé. Ìgbà tí gbogbo wa ti gbà pé ó parí ni ewé kan yọ. Ìdí ọkọ̀ ló ti yọ, níbi tí ẹni tó ń tukọ̀ máa ń jókòó sí, ibi tí ẹnikẹ́ni kò gbin nǹkan sí. Lọ́jọ́ tó là, ìyá àgbà di ọwọ́ ìyá mi mú, àwọn méjèèjì jọ kí i káàbọ̀. Ara mi bù máṣọ lẹ́yìn wọn. Nígbà tó so, mo gbé hóró rẹ̀ kan sí imú, èéfín ẹja ni mo gbọ́.

Lóde òní, Igbokoda ni mò ń gbé, lórí ilẹ̀ tó le. Òkun ti gba abúlé wa, ìyá àgbà àti ìyá mi sì ti lọ. Gáàsì ni àwọn ọmọ mi fi ń dáná, a kì í yan ẹja nílé wa, inú ike ni wọ́n sì ti ń ra òdòdó tiwọn. Tí n bá sọ fún wọn pé mo kúnlẹ̀ rí nítorí hóró tútù, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń rín. Ṣùgbọ́n ìran òdòdó inú ọkọ̀ yẹn ṣì wà lẹ́yìn ilé mi, lábẹ́ ògiri. Ọdọọdún ni mò ń tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́ rẹ̀, ọdọọdún náà ni hóró rẹ̀ ń rùn èéfín. Nígbà èwe mi, ìyá àgbà ló ń kí i, èmi a sá wọlé. Báyìí, èmi ni mò ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí mò ń wí pé, "Àǹtí, ẹ káàbọ̀." Lọ́dún yìí, ọ̀kan hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn ẹ̀yìn, níbi tí n kò gbin nǹkan sí. N kì í ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mọ́ ní ìrọ̀lẹ́.